Ẹnu Sọ Ọ́, Omi Jẹ́rìí Sí I: Ìtàn Ọkọ̀ Clotilda àti Ìmọ̀ Ìwalẹ̀pìtàn Abẹ́ Omi

Ìfáárà

Ìtapàjí-Èkìtì kò sí ní etí òkun. Ẹni tí ó bá ti ibẹ̀ gbéra tí ó fẹ́ fi ojú kan òkun yóò la Èkìtì já, yóò sì gba ilẹ̀ Oǹdó kọjá, kí ó tó gbọ́ ariwo ìgbì. Omi tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ibẹ̀ mọ̀ ni omi òjò, omi odò àti omi dáàmù Ìtapàjí. Síbẹ̀, omi dáàmù lè kọ́ ọmọ tí ó bá lajú sílẹ̀ ní ẹ̀kọ́ kan tí ó bá ọ̀rọ̀ wa mu. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, tí omi sì fà, àwọn ohun tí omi ti bò mọ́lẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ a máa yọ orí jáde: kùkùté igi, òkúta, ojú ọ̀nà oko àtijọ́. Gbogbo ènìyàn ti rò pé wọ́n ti parun, ṣùgbọ́n omi kò pa wọ́n run. Ńṣe ni ó fi wọ́n pa mọ́.

Ní ọjọ́ kan tí a ń kọ́ nípa òwò ẹrú nínú kíláàsì, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi dìde, ó sì béèrè ohun tí ó fi ìtàn tí àwọn àgbà ń sọ yàtọ̀ sí àlọ́. Ó ní ìwé ni òun gbà gbọ́. Pé ọ̀rọ̀ ẹnu, afẹ́fẹ́ lásán ni. Èmi kò bá a wí, nítorí ìbéèrè náà tọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ju ọmọ náà lọ ni ó ti bi ara wọn ní irú ìbéèrè yìí, tí wọ́n sì ti fi ìdáhùn tí kò tọ́ fi ọwọ́ rọ́ ìtàn àwọn ènìyàn wa sẹ́yìn.

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, mo fẹ́ fi ìtàn ọkọ̀ kan dá ìbéèrè náà lóhùn. Orúkọ ọkọ̀ náà ni Clotilda. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó kó lẹ́rú ni ó ń sọ èdè Yorùbá. Wọ́n dáná sun ún kí ẹnikẹ́ni má baà rí ẹ̀rí. Àwọn tí ó kó sọ ìtàn rẹ̀ fún ọmọ, ọmọ sọ ọ́ fún ọmọ-ọmọ. Ní ọdún 2019, lẹ́yìn ọdún 159, àwọn awalẹ̀pìtàn fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé òkú ọkọ̀ kan tí ó wà ní ìsàlẹ̀ odò ní Amẹ́ríkà ni ọkọ̀ náà. Ohun tí mo fẹ́ kí a fi ọkàn sí ni pé òtítọ́ ìtàn náà kò bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ tí a rí igi ọkọ̀. Òtítọ́ ni ó ti jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tí ó kù ni kí a mọ bí a ti í gbọ́ ẹ̀rí, kí a sì mọ bí a ti í yẹ̀ ẹ́ wò.

Òwò tí Òfin ti Kọ̀

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de òwò ẹrú ní ọdún 1807. Amẹ́ríkà náà sì fi òfin de kíkó ẹrú láti òkè òkun wọ ilẹ̀ rẹ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Ṣẹẹrẹ, ọdún 1808. Nígbà tí ó di ọdún 1820, wọ́n sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ tí a lè tìtorí rẹ̀ pa ènìyàn. Ṣùgbọ́n níní ẹrú kò di èèwọ̀ ní ìhà gúúsù Amẹ́ríkà. Oko òwú ń gbòòrò, iye tí wọ́n ń ta ẹrú sì ń ga sí i, nítorí náà àwọn olójúkòkòrò kò yé wá ọ̀nà tí wọn yóò gbà rú òfin.

Ọ̀kan nínú wọn ni Timothy Meaher, ọlọ́rọ̀ kan tí ó ń ṣòwò ọkọ̀ ojú omi ní ìlú Mobile, ní ìpínlẹ̀ Alabama. Ó fọ́nnu pé òun lè kó ẹrú wọlé níṣojú ìjọba kí wọ́n má sì rí òun mú, ó sì ta tẹ́tẹ́ lé e. Ó bẹ William Foster níṣẹ́, ẹni tí ó kan ọkọ̀ Clotilda ní ọdún 1855. Ọkọ̀ onígbòkun ni, òpó rẹ̀ jẹ́ méjì, gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 86, ìbú rẹ̀ sì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 23. Kì í ṣe ọkọ̀ ẹrú ni wọ́n kàn án fún. Ẹrù ni ó ń kó tẹ́lẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Ẹrẹ́nà, ọdún 1860, Foster kúrò ní Mobile pẹ̀lú wúrà tí iye rẹ̀ tó 9,000 dọ́là. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Èbìbí, ó gúnlẹ̀ sí Wídà, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Orílẹ̀-èdè Olómìnira Bẹ̀nẹ̀ lónìí. Ọba Glele ni ó wà lórí ìtẹ́ Dàhòmì nígbà náà. Àwọn jagunjagun Dàhòmì, lọ́kùnrin lóbìnrin, a máa ṣí lọ bá àwọn ìlú tí ó yí wọn ká jà, wọn a sì kó àwọn ènìyàn ibẹ̀ wá sí ọjà Wídà.

Ó yẹ kí àwa ará Èkìtì ṣọ́ra níhìn-ín. Kì í ṣe láti Èkìtì ni a ti kó àwọn ará Clotilda. Àwọn onímọ̀ kò tíì fohùn ṣọ̀kan lórí ìlú tí olúkúlùkù wọn ti wá, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn jẹ́ Yorùbá ìhà ìwọ̀-oòrùn, àwọn ẹ̀yà mìíràn sì wà láàárín wọn. Síbẹ̀, irú ogun tí ó kó wọn kò ṣe àjèjì sí àwọn baba wa. Ní ọ̀rúndún kan náà, ogun Nupe àti ogun Ìbàdàn kó ènìyàn lẹ́rú ní Èkìtì, títí Èkìtìparapọ̀ fi dìde, tí ogun Kírìjì sì jà láti ọdún 1877 títí di ọdún 1886. Ẹni tí ó bá ń sọ ìtàn Clotilda ń sọ ìtàn tí ó bá gbogbo ilẹ̀ Yorùbá tan.

Láàárín àwọn tí Foster rà ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tí ó tó ẹni ọdún mọ́kàndínlógún. Kossola ni orúkọ rẹ̀. Cudjo Lewis ni Amẹ́ríkà pè é. Àwọn ọmọ ogun Dàhòmì ya wọ ìlú rẹ̀ ní àfẹ̀mọ́júmọ́, wọ́n pa ọba ìlú náà, wọ́n sì kó àwọn tí ogun kò pa lọ sí etí òkun. Ènìyàn 125 ni Foster san owó lé lórí, ṣùgbọ́n bí ó ti ń kó wọn sínú ọkọ̀, ó rí àwọn ọkọ̀ kan lókèèrè, ẹ̀rù bà á, ó sì ṣí lọ pẹ̀lú 110.

Wọ́n bọ́ aṣọ lára wọn kí wọ́n tó kó wọn sínú ọkọ̀. Títí Kossola fi darúgbó, èyí wà lára ohun tí ó dùn ún jù: pé wọ́n tú wọn sí ìhòòhò, àwọn ará Amẹ́ríkà sì tún ń sọ lẹ́yìn náà pé ìhòòhò ni àwọn ará Áfíríkà ń rìn. Ó di ọjọ́ kẹtàlá lórí omi kí a tó kó wọn gòkè láti ìsàlẹ̀ ọkọ̀, kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí wọn lára. Ẹsẹ̀ wọn kò lè gbé wọn mọ́.

Ní oṣù Agẹmọ, ọdún 1860, ọkọ̀ náà yọ́ wọ odò Mobile ní òru. Wọ́n kó àwọn òǹdè bọ́ sínú ọkọ̀ mìíràn tí ń jẹ́ Czar, wọ́n sì lọ fi wọ́n pa mọ́ sínú igbó àbàtà. Foster fa Clotilda lọ sí itòsí erékùṣù kan tí a ń pè ní Twelve Mile Island, ó dáná sun ún, ó sì jẹ́ kí ó rì. Ìjọba pe Meaher lẹ́jọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n níbo ni ọkọ̀ wà? Níbo ni ẹrú wà? Ẹjọ́ náà kò dé ibì kankan. Nígbà tí ó di oṣù Igbe, ọdún 1861, ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, kò sì sí ẹni tí ó tún rántí ẹjọ́ náà mọ́.

Ohun tí Ẹnu Pa Mọ́

Ọdún márùn-ún ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí fi sin ìsìn ẹrú. Ní oṣù Igbe, ọdún 1865, àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ sọ fún wọn pé wọ́n ti di òmìnira. Wọ́n fẹ́ padà sí ilé, ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ kò sí. Wọ́n rán Kossola sí Meaher pé níwọ̀n ìgbà tí ó ti mú wọn kúrò ní ilẹ̀ wọn, kí ó fún wọn ní ilẹ̀ díẹ̀. Meaher kọ̀. Nígbà náà ni wọ́n ṣiṣẹ́, wọ́n tọ́jú owó, wọ́n sì ra ilẹ̀, lára rẹ̀ lọ́wọ́ Meaher fúnra rẹ̀. Wọ́n tẹ ìlú tí a mọ̀ sí Africatown dó. Wọ́n fi Gumpa, tí ó jẹ́ ọmọ Dàhòmì, ṣe olórí wọn. Wọ́n yan Oluale àti Jaba láti máa dá ẹjọ́. Wọ́n kọ́ ilé ìsìn, wọ́n sì kọ́ ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ kíyè sí i pé ọmọ Dàhòmì ni wọ́n fi ṣe olórí, bẹ́ẹ̀ ni Dàhòmì ni ó kó wọn lẹ́rú. Àwọn tí ìyà kan náà jẹ ti di ọmọ ìyá.

Wọn kò fi ìtàn wọn pamọ́ fún ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́. Emma Langdon Roche gbọ́ ọ láti ẹnu wọn, ó sì tẹ ìwé jáde ní ọdún 1914. Ní ọdún 1927 àti 1928, Zora Neale Hurston, obìnrin aláwọ̀ dúdú tí ó jẹ́ òǹkọ̀wé àti onímọ̀ nípa àṣà, lọ jókòó ti Kossola. Ó kọ ọ̀rọ̀ baba náà sílẹ̀ bí ó ti jáde ní ẹnu rẹ̀ gan-an. Àwọn tí ó yẹ kí ó tẹ ìwé náà fẹ́ kí ó tún èdè baba náà ṣe. Hurston kò gbà. Nítorí náà ìwé Barracoon, tí ó parí ní ọdún 1931, kò jáde títí di ọdún 2018.

Ẹ jẹ́ kí àwa olùkọ́ èdè dúró díẹ̀ níbí yìí. Kossola fẹ́ Abile, tí òun náà wá nínú ọkọ̀ kan náà. Wọ́n bí ọmọ mẹ́fà, wọ́n sì fún olúkúlùkù ní orúkọ méjì: ọ̀kan fún Amẹ́ríkà, ọ̀kan fún ilé. Àkọ́bí ni Aleck. Orúkọ ilé tí Hurston gbọ́, tí ó sì fi etí òyìnbó kọ sílẹ̀, ni Yah-Jimmy. Àwọn mìíràn kọ ọ́ ní Iyadjemi. Yorùbá wo ni yóò gbọ́ èyí tí kò ní gbọ́ “ìyà jẹ mí”? Òótọ́ ni pé wọn kò fi àmì ohùn sí i, a sì gbọ́dọ̀ ṣọ́ra, nítorí ohùn ni ó ya “ìyà” sọ́tọ̀ kúrò lára “ìyá”. Ṣùgbọ́n bí a bá fi orúkọ náà wé ipò tí bàbá àti ìyá wà nígbà tí wọ́n bí i, ìtumọ̀ yìí bá a mu. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé tí Kossola àti Abile wò nìyẹn. Orúkọ kan yìí jẹ́ ẹ̀rí tí ó lágbára bí èyíkéyìí tí a lè rí nínú ẹrọ̀fọ̀.

Kossola kú ní ọdún 1935. Fún ìgbà pípẹ́ a rò pé òun ni ó gbẹ̀yìn wọn, kí ìwádìí tó fi hàn pé Redoshi, tí a tún mọ̀ sí Sally Smith, wà láàyè di ọdún 1937. Ní ọdún 2020, onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Hannah Durkin tún fi hàn pé Matilda McCrear, tí orúkọ rẹ̀ ní ilé jẹ́ Àbákẹ́, wà láàyè títí di ọdún 1940. Ọmọ kékeré ni Àbákẹ́ nígbà tí a kó òun àti ìyá rẹ̀. Ní ọdún 1931, nígbà tí ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, ó fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé-ẹjọ́ ní Selma láti béèrè owó ìtanràn fún ohun tí a ṣe sí i. Wọn kò dá a lóhùn.

Gbogbo àwọn wọ̀nyí ń sọ ìtàn kan náà. Síbẹ̀, àwọn kan wà tí ń sọ pé àròsọ ni. Wọ́n ní bí ó bá jẹ́ òótọ́, kí a fi ọkọ̀ náà hàn.

Bí a ti í Wá Ìtàn ní Abẹ́ Omi

Ìwalẹ̀pìtàn abẹ́ omi kì í ṣe iṣẹ́ àwọn tí ń wá wúrà. Ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn mòòkùn lọ kó ohun olówó iyebíye, ọ̀tọ̀ ni kí ó mòòkùn lọ ka ìtàn. Ní ọdún 1943, Jacques Cousteau àti Émile Gagnan, ará Faransé, ṣe ẹ̀rọ kan tí ó jẹ́ kí amòòkùn lè gbé afẹ́fẹ́ tí yóò máa mí sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ní ọdún 1960, George Bass, ará Amẹ́ríkà, lo ẹ̀rọ yìí láti yẹ ọkọ̀ àtijọ́ kan wò ní Cape Gelidonya ní etíkun Tọ́kì. Ó wọn ibẹ̀, ó ya àwòrán ibi tí nǹkan kọ̀ọ̀kan wà kí ó tó gbé e, gẹ́gẹ́ bí awalẹ̀pìtàn ti í ṣe ní orí ilẹ̀. Láti ìgbà náà ni a ti mọ̀ pé ibi tí a ti rí nǹkan ṣe pàtàkì bí nǹkan náà fúnra rẹ̀. Ìkòkò tí a gbé kúrò ní àyè rẹ̀ láìkọ nǹkan sílẹ̀ ti di ìkòkò lásán.

Lónìí, àwọn onímọ̀ kì í kàn bẹ́ sínú omi. Wọ́n a kọ́kọ́ fi ọkọ̀ fa ẹ̀rọ kan tí ń mọ ibi tí irin wà nísàlẹ̀. Ẹ̀rọ mìíràn a máa ju ìró sí ìsàlẹ̀ omi. Bí ìró náà bá ti padà ni ẹ̀rọ yóò fi yàwòrán ohun tí ó wà níbẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni amòòkùn yóò wọlé. Nínú odò Mobile, omi ṣókùnkùn tó bẹ́ẹ̀ tí amòòkùn kò fi lè rí ọwọ́ ara rẹ̀ dáadáa. Ọwọ́ ni ó fi ń fọwọ́ bà igi ọkọ̀ bí afọ́jú ti ń fọwọ́ bà ojú ọmọ rẹ̀.

Ẹnikẹ́ni lè béèrè pé báwo ni igi ṣe pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ nínú omi láìjẹrà. Ẹrọ̀fọ̀ ni ìdáhùn. Àwọn kòkòrò tí ń jẹ igi àti ohun tí ń mú igi jẹrà nílò afẹ́fẹ́. Níbi tí ẹrọ̀fọ̀ bá ti bo igi pátápátá, afẹ́fẹ́ kò ráyè dé ibẹ̀, igi náà a sì wà bí ó ti wà. Ṣùgbọ́n bí a bá yọ ọ́ jáde láìtọ́jú, yóò gbẹ, yóò sán, yóò sì fọ́. Ọkọ̀ Vasa ti ilẹ̀ Swídìn rì ní ọdún 1628, wọ́n sì gbé e jáde ní ọdún 1961. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni wọ́n fi ń fi oògùn wọ́n ọn kí ó má baà bàjẹ́. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi sábà máa ń fẹ́ kí a fi ọkọ̀ sílẹ̀ ní ibi tí ó wà.

Bí a ti Yẹ Ẹ̀rí Wò

Ní oṣù Ṣẹẹrẹ, ọdún 2018, akọ̀ròyìn kan ní Alabama tí ń jẹ́ Ben Raines kéde pé ó ṣeé ṣe kí òun ti rí Clotilda, nígbà tí omi odò fà ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Inú àwọn ará Africatown dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn awalẹ̀pìtàn wọn ọkọ̀ náà, wọ́n rí i pé ó tóbi jù. Ní oṣù Ẹrẹ́nà wọ́n sọ ọ́ ní gbangba pé òun kọ́. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ fi ọkàn sí èyí. Gbogbo ènìyàn ni ó fẹ́ kí ó jẹ́ òun, síbẹ̀ wọn kò gbà á. Ẹ̀rí tí ó bá wu ni náà ni ó yẹ kí a yẹ̀ wò jù.

Raines kò dẹ́kun. Ó tún wá a kiri, wọ́n sì rí òkú ọkọ̀ mìíràn. Ní àkókò yìí, àjọ tí ń bójú tó ohun ìtàn ní Alabama pe àwọn onímọ̀ jọ, James Delgado sì jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú wọn. Wọ́n yẹ àkọsílẹ̀ ọkọ̀ tí ó lé ní 2,000 wò, àwọn tí ó ń rìn ní agbègbè òkun náà ní ìgbà Clotilda. Wọ́n rí àkọsílẹ̀ tí ó sọ gígùn, ìbú àti irú igi tí Foster fi kan ọkọ̀ rẹ̀. Wọ́n wá fi èyí wé ohun tí ó wà nínú omi. Gígùn àti ìbú bára mu. Igi óákù funfun àti igi páìnì bára mu. Irú ìṣó irin tí wọ́n lò bá ìgbà náà mu. Wọ́n sì rí àmì iná lára igi. Wọ́n fi èsì náà ránṣẹ́ sí àwọn onímọ̀ mìíràn kí wọ́n tún un yẹ̀ wò. Ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù Èbìbí, ọdún 2019, wọ́n kéde pé Clotilda ni.

Kò sí orúkọ kankan lára ọkọ̀ náà. Irú oríire bẹ́ẹ̀ ti bá ọkọ̀ mìíràn. Henrietta Marie, ọkọ̀ ẹrú ti Gẹ̀ẹ́sì tí ó rì ní itòsí Florida ní ọdún 1700, ní agogo tí a kọ orúkọ rẹ̀ sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni Whydah, tí a fi orúkọ ìlú Wídà gan-an sọ, tí ó rì sí etíkun Massachusetts ní ọdún 1717, tí a sì rí ní ọdún 1984. Agogo rẹ̀ ni ó fi orúkọ rẹ̀ hàn ní ọdún 1985. Ní ti Clotilda, kò sí agogo tí yóò sọ̀rọ̀. Ẹ̀rí kéékèèké púpọ̀ tí ó para pọ̀ ni ó sọ̀rọ̀.

Ní ọdún 2021, wọ́n kéde pé bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ara ọkọ̀ náà ṣì wà, títí kan ìsàlẹ̀ tí wọ́n kó àwọn òǹdè sí. Kí olùkọ́ tí ó fẹ́ kí ó yé ọmọ wọn ẹsẹ̀ bàtà 86 ní gígùn àti 23 ní ìbú sí orí pápá ilé-ẹ̀kọ́. Gbogbo ọkọ̀ nìyẹn: kò ju kíláàsì mẹ́ta tí a tò tẹ̀lé ara wọn lọ. Kí ó wá sọ fún wọn pé apá kan péré nínú rẹ̀ ni wọ́n kó ènìyàn 110 sí. Kò sí ìwé tí ó lè sọ èyí bí ilẹ̀ tí ọmọ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ̀n.

Nígbà náà, kí ni ọkọ̀ fi kún ohun tí ẹnu ti sọ? Ó fi ibi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀ hàn, ó sì pa àwọn tí ń jiyàn lẹ́nu mọ́. Ṣùgbọ́n kí ni ẹnu ní tí ọkọ̀ kò ní? Ọkọ̀ kò mọ Kossola, kò mọ Abile, kò mọ Oluale. Kò mọ̀ pé aṣọ tí wọ́n bọ́ lára ènìyàn lè dùn ún fún ọdún 75. Kò mọ ìdí tí bàbá kan fi sọ ọmọ rẹ̀ ní “Ìyà jẹ mí”. Igi kò lè sọ èyí. Bí Foster bá ti sun ọkọ̀ náà di eérú pátápátá, tí a kò sì rí ẹyọ ìṣó kan, ṣé irọ́ ni Kossola ìbá ti pa? Rárá. Òtítọ́ rẹ̀ ìbá wà síbẹ̀; àìgbàgbọ́ tiwa nìkan ni ìbá gùn sí i.

Àwọn Ọkọ̀ Mìíràn àti Etíkun Tiwa

Àwọn onímọ̀ ti ka ìrìn-àjò ọkọ̀ ẹrú tí ó tó 36,000 kọjá orí òkun Àtìláńtíìkì, wọ́n sì ṣírò pé bí ènìyàn mílíọ̀nù méjìlá àti ààbọ̀ ni a kó sínú wọn. Nínú gbogbo àwọn ọkọ̀ tí ó rì nínú òwò yìí, díẹ̀ péré ni a tíì dá mọ̀. São José, ọkọ̀ Potogí, rì ní itòsí Cape Town ní ọdún 1794 pẹ̀lú àwọn ènìyàn tí ó lé ní 500 tí a kó láti Mòsáḿbíìkì. Ó ju 200 lọ nínú wọn tí ó kú. Ọdún 2015 ni a tó kéde pé a ti rí i. Ní Senegal, Ibrahima Thiaw ti Yunifásítì Dakar ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ yìí ní àyíká erékùṣù Gorée. Ní Gánà, ọdún 2003 ni a rí òkú ọkọ̀ oníṣòwò kan ní itòsí Elmina.

Òkú ọkọ̀ tún lè sọ ìtàn iṣẹ́ ọwọ́ wa. Ní ọdún 2023, Tobias Skowronek, onímọ̀ ará Jámánì, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ẹ̀gbà idẹ tí àwọn Potogí fi ń ṣòwò wò, púpọ̀ nínú èyí tí a rí nínú àwọn ọkọ̀ tí ó rì. Wọ́n rí i pé idẹ náà bá èyí tí àwọn alágbẹ̀dẹ Bìnì fi ṣe àwọn ère wọn mu, àti pé ìhà odò Rhine ní Jámánì ni ó ti wá. Ẹ wo bí ohun tí ó rì sínú òkun ṣe tan ìmọ́lẹ̀ sí ohun tí ó wà ní ààfin.

Àjọ UNESCO ṣe àdéhùn kan ní ọdún 2001 láti dáàbò bo ohun ìtàn tí ó ti wà lábẹ́ omi fún ọgọ́rùn-ún ọdún ó kéré tán. Àdéhùn náà kọ̀ kí a máa tà wọ́n, ó sì ní kí a kọ́kọ́ gbìyànjú láti fi wọ́n sílẹ̀ níbi tí wọ́n wà. Nàìjíríà fọwọ́ sí i ní ọdún 2005, Bẹ̀nẹ̀ sì fọwọ́ sí i ní ọdún 2011. Iṣẹ́ tí ó kù pọ̀. Ẹnu ọ̀nà òkun Èkó jẹ́ ibi eléwu fún ọkọ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi òkúta dí ìgbì níbẹ̀ ní ọdún 1908, nítorí òkìtì yanrìn tí ó wà lábẹ́ omi. Àgbádárìgì àti Èkó rí ọkọ̀ ẹrú púpọ̀. Lónìí, wọ́n ń wa yanrìn ní ọ̀sà Èkó fún ilé kíkọ́. Bí a kò bá yẹ ibì kan wò kí a tó wa yanrìn ibẹ̀, a lè kó ìtàn pọ̀ mọ́ yanrìn, kí a sì fi rẹ́ ilé láìmọ̀.

Ìgúnlẹ̀

Mo padà sí ọ̀dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó sọ pé ọ̀rọ̀ ẹnu, afẹ́fẹ́ lásán ni. Ẹlẹ́rìí mẹ́ta ni ìtàn ní: ẹnu, ìwé, àti ohun tí ilẹ̀ tàbí omi pa mọ́. Kò sí èyí tí kò lè ṣìnà nínú wọn. Foster kọ ìtàn ìrìn-àjò rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1890, ṣùgbọ́n ọ̀daràn ni ó ń kọ nípa ara rẹ̀. Òkú ọkọ̀ àkọ́kọ́ tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ ní ọdún 2018. Ẹnu náà lè gbàgbé. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ kọ ìdáhùn tí ó múná dóko nínú ìdánwò gbọ́dọ̀ bi ẹlẹ́rìí kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè kan náà: Ta ni ó ń sọ̀rọ̀? Báwo ni ó ṣe mọ̀? Kí ni yóò jèrè bí a bá gbà á gbọ́? Bí a bá fi ìbéèrè wọ̀nyí wọn Meaher àti Kossola, a ó rí i pé ẹni tí kò ní ìwé ni ó ní òótọ́.

Àwọn àgbà ní, bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Ti Clotilda ju ogún ọdún lọ, ṣùgbọ́n òtítọ́ bá a, nítorí pé àwọn kan kò yé sọ ọ́. Nígbà tí a ṣí Ilé Ìtàn Africatown ní oṣù Agẹmọ, ọdún 2023, igi ọkọ̀ náà wà níbẹ̀ nínú omi tí a fi ń tọ́jú rẹ̀, orúkọ àwọn tí ó kó sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Iṣẹ́ àṣetiléwá tí mo fún kíláàsì mi lẹ́yìn ẹ̀kọ́ yẹn kò pọ̀. Mo ní kí olúkúlùkù lọ bá àgbà kan ní ìdílé rẹ̀, kí ó béèrè bí ìdílé náà ṣe dé ibi tí ó wà àti ẹni tí ogun kó lọ tí kò padà, kí ó sì kọ orúkọ tí ó bá gbọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó béèrè ìbéèrè náà ni ó kọ́kọ́ mú tirẹ̀ wá. Orúkọ mẹ́rin ni ó kọ, àmì ohùn sì pé lórí wọn.